Àwo Bàbá Láyíwọlá

“Má fọwọ́ kan àwo yẹn o, ọmọ mi. Tèmi nìkan ni.”

Oyèrónkẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti ikọ́ fée ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, ló gbé e wá sí Coppell tó wà nítòsí, kó lè máa rí i pé Bàbá Láyíwọlá ń lo oògùn wọn, kó sì mọ gbogbo ẹni tó ti ń bá wọn jókòó pẹ́. Oògùn ti wọlé. Orúkọ ni kò jáde.

“Mi ò kó o ran ẹnikẹ́ni,” ni bàbá wí. “Àtìgbà tí ikọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ya àwo àti ṣíbí mi sọ́tọ̀.”

Bí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn Oyèrónkẹ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, nígbà èwe rẹ̀. Àwo bàbá rẹ̀ àgbà náà dá wà. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, wọn á ti fèrèsé pa, gbogbo ọmọ ilé á rọ́ sórí ẹní, bàbá àgbà á máa pàlọ́, ikọ́ á máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Ayé ìgbà náà mà dùn o! Ó ṣì ń wù ú títí dòní. Ta ló mọ̀ pé inú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn gan-an ni àrùn wà? Olúyínká àbúrò rẹ̀ kò rí ọyẹ́ kejì.

“Bàbá, ta ló máa ń wà lọ́dọ̀ yín lọ́sàn-án?”

Ojú bàbá tú ká. “Dárasími, ọmọ ọmọ mi. Kò tíì pé ọdún kan. Tí mo bá ti gbé e sáyà, tí mo kọrin sí i létí, oorun dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò fi ṣíbí mi fún un lóúnjẹ rí.”

“Kì í ṣe ṣíbí, sà. Èémí ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Oògùn wà tí kò ní jẹ́ kó ṣàìsàn.”

“Wọn ò ní jẹ́ kí n gbé e mọ́ nìyẹn.”

“Fúngbà díẹ̀ ni, sà.”

Ní yàrá kejì, ọmọ jí, ó figbe ta. Bàbá ti dìde, wọ́n ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹsẹ̀ wọn tó dúró.

“Tèmídayọ̀,” ni wọ́n pe ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, “wá gbé ọmọ rẹ. Ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò lónìí.”

“Dádì, ẹ̀yin mà ló ń ké pè.”

“Mo mọ̀,” ni bàbá wí. Wọn ò wọlé.