Láptọ́ọ̀pù Ọ̀gbà Ẹlẹ́dẹ̀

Kí Moyọ̀sọ́rẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù yẹn dé ṣọ́ọ̀bù Fàwáz ní Ìlọrà, òórùn ẹ̀ ti ṣáájú dé, ó ti kí gbogbo àdúgbò tán, ó sì ti jókòó. Ẹni tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín ní òdìkejì títì gbé abọ́ kalẹ̀. Ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ tábìlì dìde, ó wo ọmọbìnrin náà lójú, ó bá tiẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ Ìlọrà kì í sì í ṣe ẹran tó ń ṣe fáàrí.

Ìmínì ni Moyọ̀sọ́rẹ ti wá. Bàbá ẹ̀, Àbọ̀dé, ń sin ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ sí ni láptọ́ọ̀pù náà ń gbé. Àtàná ni Wíńdò tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ò ti ṣí mọ́. Purojẹ́ẹ̀tì tí ọmọ náà fẹ́ fi jáde ilé ìwé wà nínú ẹ̀, kò sí níbòmíì, ọ̀la ni olùkọ́ ẹ̀ sì fẹ́ gbà á.

"Bọ̀dá Fàwáz, ẹ gbà mí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Irọ́ kọ́. Láti Fìdítì dé Ìwàré, kò sí kọ̀ǹpútà tó kú tí Fàwáz fọwọ́ kàn tí ò jí. Ó ti jí ọ̀kan rí tí wọ́n ti ń fi dí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni Fàwáz, ìyá tó bí i kì í dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀ láìtutọ́. Bó ṣe gbọ́ ibi tí láptọ́ọ̀pù ti wá, ara ẹ̀ bú gììrì. Eruku oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ti dì sórí àwọn bọ́tìnnì bí ẹ̀kọ tútù, irun kéékèèké dúró ṣánṣán láàárín wọn. Aáyán kan yọrí níbi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, ó mi irùngbọ̀n bí onílé tí wọ́n kanlẹ̀kùn fún, ó tún pa dà wọlé.

Fàwáz ki ọwọ́ méjèèjì bọ ọ̀rá, ó fi rọ́bà so ó.

Kaothar, tó ń ta ṣájà fóònù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Áfà kọ̀ǹpútà, ṣé òkú lo fẹ́ wẹ̀ ni?"

"Òkú sàn. Òkú kì í ní aáyán nínú."

Ó ki fúláàṣì tí Wíńdò wà nínú ẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tan ẹ̀rọ. Fúláàṣì kan ṣoṣo, ìlà méjì ló jáde lójú kọ̀ǹpútà pé kó yan ọ̀kan. Wọ́n kọ UEFI sára ti òkè: ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà ń gbà jí nìyẹn. Ti ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn àgbà kọ̀ǹpútà ń gbà. Bí wọ́n bá ṣe to inú dísìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, láti ilẹ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ wò kó tó yàn. Láptọ́ọ̀pù yìí sì dàgbà. Ẹni tó bá wò ó máa rò pé òun àti Àbọ̀dé jọ kọlà lọ́jọ́ kan náà ni. Fàwáz mọ̀ pé ó yẹ kóun yẹ dísìkì wò ná. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti jókòó ló ti ń sé èémí mọ́nú, ojú ẹ̀ ti pọ́n bí ata, ọ̀rá ń yọ̀. Ó tẹ ti òkè.

Ó ń lọ dáadáa títí ó fi dé ibi tí Wíńdò fẹ́ wọ dísìkì. Wíńdò kọ̀. Ó ní ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fi tò ó, òun ò lè gbé ibẹ̀.

Fàwáz lè pa á, kó tún un bẹ̀rẹ̀, kó gba ìlà ìsàlẹ̀, kó nu apá dísìkì tí Wíńdò wà nìkan. Iṣẹ́ ọmọ náà wà ní apá kejì, nǹkan kan ò ní ṣe é. Ó sì lè nu gbogbo dísìkì pátá, kó tún un tò lọ́nà tuntun, kó parí kíá. Ibi tó ti ń rò ó ni aáyán mìíràn ti gun ọ̀rá ọwọ́ ẹ̀, ó ń lọ sókè apá. Fàwáz fò, àga ṣubú. Bí kì í bá ṣe òrùlé ni, Akínmọ̀ọ́rìn ni wọn ì bá ti lọ gbé e.

"Kò sọ́nà mọ́," ó ní, kò wo ojú ọmọbìnrin náà. "Àfi ká nu gbogbo ẹ̀."

"Purojẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?"

"Ó ti lọ nìyẹn."

Moyọ̀sọ́rẹ ò sunkún. Ó wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ Fàwáz.

"Bọ̀dá Fàwáz, ṣé kò sọ́nà lóòótọ́ ni, àbí torí pé ó ń rùn?"

Fàwáz gbé àga tó ṣubú dìde.

"Tó bá jẹ́ òórùn ni, ẹ sọ. Ó ti mọ́ mi lára. Tí mo bá ti ilé dé ilé ìwé ní Mọ́ńdè, àga ọ̀tún mi á ṣófo, tòsì á ṣófo. Ẹ jẹ́ n gbé e síta kí n máa tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, kẹ́ ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán kẹ́ ẹ máa sọ èyí tí mo máa tẹ̀. Ẹ má ṣáà nù ún torí òórùn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Kaothar. Ní ti Fàwáz, irọ́ tó pa yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i nímú, ó sì burú ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ó fa rọ́bà já, ó bọ́ ọ̀rá sọnù.

"Jókòó," ó ní. "Ọ̀nà kan kù."

Ọwọ́ lásán ló fi tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì náà tutù bí imú ajá, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó gba ìlà ìsàlẹ̀, ó nu apá kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Àsítágífírù tó kà kí Wíńdò tó wọlé tán tó ti oṣù ààwẹ̀ odindi.

Moyọ̀sọ́rẹ ṣí apá kejì. Purojẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rẹ́rìn-ín látàárọ̀.

"Ẹ wò ó, bọ̀dá. Bí èèyàn ṣe lè fi ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe gáàsì ìdáná ni." Ó tẹ fọ́tò kan, ó kún ojú kọ̀ǹpútà: kòtò dúdú, ìfófòó lórí ẹ̀, Àbọ̀dé ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. "Ẹ wo bó ṣe ń hó. Èyí ti kẹ̀ dáadáa."

Fàwáz ti dé etí gọ́tà kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ohun tó jẹ láàárọ̀ jáde, tàná tẹ̀lé e. Kaothar ní òun rí ẹran Iléyá níbẹ̀.

Ó nu ẹnu, ó pa dà wọlé, kò wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó yọ fúláàṣì tiẹ̀ mìíràn nínú àpò.

"Kó gbogbo ẹ̀ sórí èyí kó o tó kúrò níbí," ó ní. "Ìwọ ni kó o tì í bọ kọ̀ǹpútà."