Ohùn Tó Wà Nínú Àwo

Bí àlejò bá wọ ilé wa ní Òṣogbo, kó tó rí àga tó máa jókòó sí, á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kọ sípíkà. Ọkọ mi, Bánjí Ajíbóyè, òṣìṣẹ́ ìjọba ni láàárọ̀, onírẹ́díò ni nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ fún un o. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ sí Alekuwodo lọ ra òkú ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù, á tú u palẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ mi, á fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, á máa yọ́ òjé sí i títí tí yóò fi sọ̀rọ̀. Tó bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, kò ní gbọ́ ọ mọ́. Òmíràn ló kàn. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá kú, kó má ṣe gbé mi sórí tábìlì yẹn.

Mo mọ ìdí tó fi ń ṣe é. Ó ń fi ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn kọ́wọ́ ni, nítorí ẹyọ kan tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Bàbá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ rélùwéè nígbà ayé wọn, kú kí Bánjí tó pé ọmọ ọdún kan. Ohun tó kù nípa wọn ni fọ́tò méjì àti àwo orin kan tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ṣe jáde. Nínú àwo yẹn, kí orin kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, bàbá yìí ló ń kí àwọn olùgbọ́, tó ń sọ orúkọ orin, tó sì ń ka ẹsẹ Bíbélì kan. Lẹ́yìn ikú wọn ni ẹ̀gbọ́n wọn gbé ẹ̀rọ ńlá kan ti Amẹ́ríkà bọ̀, ó ní kí opó àti ọmọ máa fi gbọ́ àwo náà. Iná ti ọ̀hún kò lágbára tó tiwa, wọ́n bá ra tiránsífọ́mà kékeré tó ń dín iná kù sí i. Ẹ̀rọ náà kò jó. Gbogbo ilé gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Iwájú ẹ̀rọ yẹn ni Bánjí dàgbà sí. Ohùn tó ń gbọ́ níbẹ̀ wúwo, ó jinlẹ̀, ó ń lọ jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ kì í bá a gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá ti gbé àwo lé e, Màmá á dìde, wọn á bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ọmọ rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ọdún tó wọ ilé-ìwé gíga ni ẹ̀rọ náà dákẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tó wà nílé wa pọ̀ tó láti gbé àwo náà lé, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀. "Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nílé onílé," ló wí. Ohun tó ń wá kò ju pé kó tún gbọ́ bàbá rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ wọn ní kékeré, kí ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í, kí wọ́n jọ gbọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, ó gbà pé ọwọ́ òun ti mọ́ iṣẹ́. Ó lọ gbé ẹ̀rọ náà wá sí Òṣogbo. Ó pààrọ̀ okùn rọ́bà tó ti yọ́ di ọ̀dà, ó pààrọ̀ àwọn kápásítọ̀ tó ti wú, ó ra abẹ́rẹ́ tuntun, ó lẹ bébà tuntun mọ́ ẹnu sípíkà tí eku ti jẹ. Nígbà tó ń nu ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ló rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ké sí mi ní kíṣìnì.

"Nọ́síràtù, wá wo nǹkan."

"Ọwọ́ mi wà nínú ata."

"Ẹ̀rọ yìí ò tíì yí bó ṣe yẹ rí, láti ọjọ́ tó ti wọ Nàìjíríà."

Ó ṣàlàyé rẹ̀, ó sì yé mi. Kì í ṣe agbára iná nìkan ló yàtọ̀. Iná Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n nígbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń gbọ̀n nígbà àádọ́ta, mọ́tò tó ń yí àwo sì ń bá iná rìn ni. Tiránsífọ́mà lè dín agbára iná kù, kò lè mú un yára. Gbogbo ohun tí wọ́n ti gbé lé ẹ̀rọ náà ló ń falẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń wálẹ̀.

Ó ní kí àwọn tó ń gé irin bá òun gé wíìlì kékeré kan tó fi díẹ̀ tóbi ju ti orí mọ́tò lọ, kí àwo lè máa yí bó ṣe yẹ. Ó dè é mọ́ ọn, ó gbé àwo lé e. Ọkùnrin kan sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń kánjú, àfi bíi pé ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n láàárín ọ̀rọ̀. Bánjí gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

"Bàbá mi kọ́ nìyí."

"Ta wá ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo máa dá wíìlì àtijọ́ padà."

Ọkùnrin tó ń bá gbogbo ayé jà pé orin gbọ́dọ̀ jáde bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òun ló fẹ́ dá àléébù padà sínú ẹ̀rọ. Ó bí mi nínú díẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè dá ohùn bàbá rẹ̀ mọ̀ nínú méjèèjì. Ẹni náà ló yẹ kó lọ bi.

Ọjọ́ Sátidé la gbé e dé Iléṣà. Màmá, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ojúọlá Aláṣọ, jáde sí wa.

"Ẹ gbé e wọ ulé, kí òjò má pa á," ni wọ́n wí, wọ́n sì wò ó bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tí kò pè.

Kò síná. Aládùúgbò kan ní ká tan jẹnẹrétọ̀. Bánjí kọ̀, ó ní iná jẹnẹrétọ̀ kì í dọ́gba, ohùn á máa gbọ̀n tẹ̀lé e. A jẹ iyán, a dúró. Nígbà tí wọ́n mú iná dé, wíìlì àtijọ́ ni Bánjí kọ́kọ́ dè mọ́ ọn.

Ohùn wúwo yẹn kún pálọ̀. Ojú Bánjí tàn bíi ti ọmọdé. Màmá mú ìborùn wọn lórí àga, wọ́n dìde, wọ́n kọrí sí ẹ̀yìnkùlé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Bánjí pa ẹ̀rọ náà, ó sáré tú síkúrù. Ó fi wíìlì tuntun sí i, ó dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Màmá dúró dè é díẹ̀, ó sú wọn, wọ́n sì ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọkùnrin oníkánjú yẹn kí àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Wọ́n dúró, wọn ò yíjú padà. Ó sọ orúkọ orin àkọ́kọ́, ó ki ẹsẹ Bíbélì mọ́lẹ̀, ó ń kà á láìmí. Màmá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rọra kà á," ni wọ́n sọ fún àwo náà. "Ṣebí mo ti sọ fún yín."

Wọ́n padà wá, wọ́n jókòó sẹ́bàá sípíkà. Omijé ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún.

Orin bẹ̀rẹ̀. Bánjí ṣì wà ní ìdúró. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ ti mọ̀ pé èyí tí mo ń gbọ́ kì í ṣe ohùn wọn."

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Mo rò pé àwo yẹn ti bàjẹ́ ni, pé ohùn wọn ti tán láyé nìyẹn, mi ò sì lè jókòó kí n máa gbọ́ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ìwọ, wà á lọ jókòó síwájú ẹ̀, wà á ní, 'Bàbá, mo ti dé láti ilé-ìwé.' Nígbà tó o dàgbà, o ń sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀, jẹ́ẹ́, láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ṣé kí n wá sọ fún ọmọ aláìníbaba pé ẹni yẹn kọ́?"

Òótọ́ ni. Bí ọkọ mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun gan-an ló sì fà mí mọ́ ọn nígbà tó ń fẹ́ mi. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí ò padà sí Òṣogbo mọ́," ni Màmá wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, bó ṣe wà báyìí."

Bánjí gbà. Ó jókòó sórí àpótí, ó jìnnà díẹ̀ sí ìyá rẹ̀, bí ẹni tó wá kí èèyàn tí kò mọ̀ rí. Bàbá rẹ̀ tún sọ̀rọ̀, wéréwéré, Màmá sì tún rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí tiwọn, ó sì ń dùn mí fún ọkọ mi.

"Màmá," ló wí nígbà tó yá, "ẹni tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré wá ńkọ́?"

Màmá dín ohùn ẹ̀rọ náà kù.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni wọ́n dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó bá mi tọ́ ọ."