Omi Àlejò Lójú Ọ̀nà Gouka

Yàrá kan ṣoṣo tí a háyà ti sú Roukayath, ìyàwó mi. Ni a bá gun alùpùpù lọ wo ilé àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ tà lẹ́yìn ìlú Bantè, lójú ọ̀nà Gouka. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, igi kajú sì kún un. Baba Yessoufou, onílé, tó ń jẹ obì, bu omi kànga fún wa. Kò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bí a ti máa ń ṣe fún àlejò, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ wá, a mu ún.

Òrùlé dára, ògiri dára, ó wá ku kànga. Mo tú dígí alùpùpù mi, mo fi darí oòrùn sínú rẹ̀. Ọgbọ́n yìí máa ń dùn mọ́ mi. Lápá ibi tí ṣáláńgá wà, ohun dúdú kan ń ṣàn lára ògiri kànga, ìdin ń rìn lórí rẹ̀, ó ń kán sínú omi. Mo bì sí ìdí igi kajú.

"Ikùn rẹ ti rọ̀ jù," ni Baba wí. "Omi yìí kò pa ẹnikẹ́ni rí."

Roukayath wo àgbàlá náà títí. Lẹ́yìn náà ó bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ bá wa tọ́ ọ wò, Baba."

"Mo ń gba ààwẹ̀ lónìí," ni Baba wí, ó sì ń rún obì rẹ̀ lọ.

Roukayath da omi náà sílẹ̀, ó dé àṣíborí rẹ̀.