Ìgò Keje

Ọ̀gá ti gbé ìgò keje sórí síǹkì yàrá ìwádìí láti dà á nù kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó sáré dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dà á nù!"

"Koríko òkun tó ti kú báyìí? Àbí o fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"

Ọmọ iṣẹ́ náà nìkan ló mọ ohun tó ṣe ìgò náà. Oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń fi iyọ̀ kún omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti wo bí koríko náà ṣe lè fara dà á tó. Níjẹta, ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsunkún, láìsọ̀rọ̀. Ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n iyọ̀ ọjọ́ náà ló ṣèèṣì dà sí i. Ìwọ̀n kan ló kọ sínú ìwé.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó gé bíńtín nínú koríko náà sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá lè wò ó.

Ọ̀gá bẹjú wò ó. "Háà! Wọn ò kú! Iyọ̀ ti fa omi ara wọn gbẹ, awọ inú sẹ́ẹ̀lì ti sún kúrò lára ògiri rẹ̀. Wò ó, ó ti ń padà báyìí. Bóyá ọ̀rá inú awọ náà ló yí padà, tó fi lè máa ti iyọ̀ síta. A ó yẹ̀ ẹ́ wò." Ó yíjú sí i. "Ìwọ̀n iyọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo èyí?"

Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

"Mẹ́ta ni, mà. Mo ṣìṣe, mi ò sì kọ ọ́."

Ọ̀gá ṣí ìwé náà wò. "Ta ló ní kó o wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mi ò lè dá jókòó sílé ni."

Ọ̀gá fa àga fún un, ó gbé ìwé síwájú rẹ̀. "Kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ kan, mi ò fẹ́ rí ọ níbí. Èmi á máa tọ́jú àwọn ìgò náà."

Ó kọ ìwọ̀n iyọ̀. Ó kọ pé àṣìṣe òun ni. Ó ku ohun tó fà á. Bírò dúró sójú kan fúngbà díẹ̀, ó sì tún rìn: *Ọjọ́ kejì tí a sin ìyá mi.*

Ó ka ohun tó kọ. Ó tún un kà. Nígbà náà ló tó yé e pé ìyá òun ti kú lóòótọ́.