Kókó Ọrùn Hussainat

Hassanat ló kọ́kọ́ rí i. Òun àti Hussainat ìkejì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ní Ẹrúkù, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n ń já ife omi gbà lọ́wọ́ ara wọn. Bí Hussainat ṣe gbé omi mì, nǹkan kan yọ lọ́fun rẹ̀, ó sì tún rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Kẹ́hìndé, kí ló wà lọ́rùn rẹ? Tèmi ò ní in o."

Ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n, ìbejì tí àwọn olùkọ́ pàápàá ń ṣì mú. Memunat ìyá wọn fi ìka tẹ ibẹ̀. Ó le bí ẹ̀wà tí kò jinná, kò sì dun ọmọ náà rárá. Àwọn aládùúgbò ní gẹ̀gẹ̀ lásán ni. Memunat ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ó mú ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán ọrùn náà, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì jáde, Dókítà Adéṣọlá, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, pe Memunat àti Issa ọkọ rẹ̀ jókòó. Ó ní kí ọmọ náà má jáde.

"Jẹjẹrẹ ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n ó kéré."

"Jẹjẹrẹ? Lára ọmọdé?" Issa dìde dúró.

"Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Ti ọmọdé tètè máa ń rìn káàkiri ọrùn, ìdí nìyẹn tí a ò fi ní fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ ìtọ́jú dáadáa. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

Hussainat gbójú sókè. "Mà, ṣé mo ṣì máa lè sọ̀rọ̀?"

Dókítà sún mọ́ ọn. "Iṣan ohùn kọjá lẹ́bàá ibẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé kò sí ewu. Àmọ́ a ó ṣọ́ ọ gan-an, a sì ti ṣe irú rẹ̀ rí."

Nígbà tí wọ́n délé, Falilat, ìyá Issa, fárígá. "Jẹjẹrẹ kì í fẹ́ ọ̀bẹ! Wọ́n fi ọ̀bẹ kan ti àbúrò mi, kò padà wálé mọ́."

Memunat kúnlẹ̀. "Màmá, nígbà tí wọ́n gbé àbúrò yín dé ọ̀dọ̀ dókítà, báwo ni tiwọn ṣe tóbi tó?"

Ìyá àgbà di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sókè. "Ó tó báyìí. Ó tilẹ̀ ti bẹ́."

"Ti Hussainat ò ju ẹ̀wà kan lọ, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lé e nísinsìnyí tí kò tíì lágbára."

"Màmá àgbà," Hussainat fúnra rẹ̀ dá sí i, "èmi fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́."

Falilat wò ó títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ó dáa. Èmi náà á bá yín lọ."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, kò jẹ, kò mu. Ìdajì táírọ́ìdì ọmọ náà, ẹ̀yà ara kékeré tó rí bíi labalábá níwájú ọ̀fun, níbi tí kókó náà sá sí, ni wọ́n yọ. Nígbà tí Hussainat lajú, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ó wo ìkejì rẹ̀.

"Táyé, ta ló ni ìpékeré tí ò ń jẹ yẹn?"

Ohùn náà há díẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. "Allāhu Akbar!" Falilat ké tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé.

Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ náà ò tíì rìn kúrò níbi tí wọ́n ti bá a. Àyẹ̀wò lóòrèkóòrè nìkan ló kù. Lẹ́yìn ọdún kan, Dókítà Adéṣọlá tún wo ọrùn náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó mọ́ tónítóní.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà, Issa, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí, ṣàdédé pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ mi là á já o! Ẹ bá mi yọ̀!"

Àwọn èrò ò mọ ohun tó là já, ṣùgbọ́n wọ́n gbè é. Ojú ti Hussainat, ó fi híjáàbù bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Òmù-Àrán, òun gan-an ló ń lé orin náà, dẹ́rẹ́bà ń fi fèrè ọkọ̀ gbè é.