Àforíjì Tí Ọba Fín Sára Òkúta

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná, ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín nínú yín, èmi àti ẹ̀ ni o. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tìbínú-tìbínú ni mo fi sùn, torí Bàbá Mojí ọkọ mi pa ewúrẹ́ mi tó lóyún fún àlejò rẹ̀, kò bi mí, kò sì bẹ̀ mí. Rédíò ń sọ ìtàn ọba Íńdíà àtijọ́ kan, ẹlẹ́sìn Búdà, tó jagun, tó wá ń fín ọ̀rọ̀ sára òkúta káàkiri, nígbà tí oorun gbé mi lọ.

Bí mo ṣe dójú àlá, mo ti di ará ìlú kan tí ọmọ ogun ọba náà dáná sun kanlẹ̀. Mò ń lọ sáàfin kí n lè gbọ́ “ẹ jọ̀wọ́” lẹ́nu ọba fúnra rẹ̀. Òkúta gíga kan kí mi lójú ọ̀nà.

“Ẹ kú ìrìn o, màmá. Ẹ ka àyà mi.”

Wọ́n fín in síbẹ̀ pé: *Èmi ọba aláàánú, mo kábàámọ̀ ogun tí mo jà.* Omi bọ́ lójú mi, òkúta sì bá mi nù ún. Ṣùgbọ́n ara fu mí. Àánú yìí ti pọ̀ jù.

“Ṣé irú yín wà nílùú tiwa náà?”

“Ó kúkú wà. Àbúrò mi ni.”

“Ṣé ohun kan náà ni wọ́n fín sí i?”

Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. “Màmá, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́ o.”

Ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé ọba ń fò kọjá lókè. Mo nawọ́ dá a dúró, mo wọ̀ ọ́, mo sì kí ọ̀gá wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ tọrọ àforíjì káàkiri, tí ẹ wá fo ìlú tiwa?”

“Tí ẹ bá kà á níbẹ̀, ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀.”

“Ta ló gbàgbé?”

Ló bá di ewúrẹ́. Àwọn akọ̀wé tó kù náà di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ ìwé. Kò yà mí lẹ́nu. Ó kàn dùn mí pé tèmi kò sí nínú wọn.

Ọ́fíìsì náà já mi sílẹ̀ nílùú wa. Àbúrò òkúta dúró sáàárín eérú. Mo sáré kà á: *Ọmọ mi ni gbogbo yín. Ẹ fara balẹ̀.* Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yí i po, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá “ẹ jọ̀wọ́” wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà kàn ń dán lásán ni.

Ohùn Bàbá Mojí ló jí mi. Ó wà níta pẹ̀lú àwọn aládùúgbò.

“Mo ṣẹ ìyàwó mi gan-an ni o,” ló ń wí. “Ó dùn mí dénú egungun.”

“Ẹ ṣeun sà! Ọkùnrin gidi ni yín!”

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń dúró dè é. Ó wọlé, ó họ orí.

“Ìyá Mojí, ọ̀kan náà ṣáà ni gbogbo wa nínú ilé yìí. Fara balẹ̀. Ṣé ẹ̀kọ ti wà nílẹ̀?”

Mo dìde, mo yí i po, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀.