Kẹ̀kẹ́ Oníná Lórí Àtẹ̀gùn

Kẹ̀kẹ́ oníná kan ṣoṣo ni owó télọ̀ kan ká ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́. Ọlọ́jà kìlọ̀ fún un: “Bàbá, bátìrì èyí kì í yọ o. Odidi kẹ̀kẹ́ lẹ máa gbé síbi iná tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣáàjì ẹ̀. Ṣé iná wà nísàlẹ̀ ilé yín?”

Ojú ti télọ̀ láti sọ pé yàrá kan lókè pátápátá lòun háyà. Ó ní, “Ibo ni iná ò sí nílé mi?”

Nírọ̀lẹ́, ó gbé kẹ̀kẹ́ léjìká, ó ń mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn. Aládùúgbò kan yọjú: “Ẹ̀yin lẹ ń gùn ún ni, àbí òun ló ń gùn yín?”

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó di táyà ẹ̀yìn mú. Kò bi í léèrè kankan. Ìyẹn ló tì í lójú jù.